Bàbá Àjọní àti Agbòjò Ẹlẹ́ni Méjì

Gbogbo ẹni tó bá Bàbá Àjọní ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ló ní ìtàn tirẹ̀ nípa olóògbé náà, ṣùgbọ́n ìtàn táyà ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi òmíràn bẹ̀rẹ̀, ẹ má dá a lóhùn. Onítọ̀hún kò mọ̀ ọ́n rí, ó kàn ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu èèyàn ni.

Ilé-iṣẹ́ náà ní sítọ̀ méjì tí wọ́n ń kó ẹ̀yà ara ọkọ̀ sí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ọ̀gá Àgbà fẹ́ mọ ohun tó wà ní méjèèjì, kí wọ́n má baà máa ra ohun kan náà síbí àti sọ́hùn-ún. Ó ránṣẹ́ sí Bàbá Àjọní nínú yàrá kọ̀ǹpútà pé kó wá ìdáhùn náà, kó sì gbé e wá níṣojú àwọn àlejò. Àwọn àlejò jókòó yí tábìlì ká, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n ń mu omi tútù díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń wò. Bàbá Àjọní wọlé, ó tẹ́ ìwé kan síwájú ọ̀gá. Ọ̀gá yí ìwé náà síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Bàbá, kò sí nǹkan kan nínú ìwé yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Ìdáhùn nìyẹn. Kò sí nǹkan kan ní sítọ̀ òkè tó tún wà ní sítọ̀ ìsàlẹ̀."

"Táyà ńkọ́? Mo fojú ara mi rí táyà lókè láàárọ̀ yìí. Mo tún rí táyà nísàlẹ̀."

"Ẹ rí i lóòótọ́, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n táyà tí ẹ rí lókè yẹn, ṣé òun náà ló sáré sọ̀kalẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀?"

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò tu omi jáde lẹ́nu. Ọ̀gá Àgbà na ìka sí Bàbá Àjọní. "Bàbá! Táyà ni táyà ń jẹ́!"

Bàbá Àjọní kò janpata. Ó jáde. Nígbà tó máa padà, táyà bọ́ọ̀sì kan ló ń yí bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, akọ̀wé ọ̀gá sì ti gun orí àga. Àwọn kan ní táyà méjì ló yí wá. Irọ́ ni. Ọ̀kan ni, ṣùgbọ́n ó ga ju ilẹ̀kùn lọ, àfìgbà tí bàbá bẹ̀ ẹ́ kó tó tẹrí ba wọlé. Ó fi í ti tábìlì. "Ọ̀gá, òkè ni èyí ti wá. Ẹ rán èèyàn lọ sísàlẹ̀. Bí táyà ìsàlẹ̀ bá ti kúrò níbẹ̀ nítorí pé èyí wà níbí, mo jẹ̀bi." Wọ́n ránṣẹ́. Ẹni tí wọ́n rán padà dé, ó ń mí gùlegùle, ó ní táyà ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀, kò yẹsẹ̀. Bàbá Àjọní kí àwọn àlejò, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi táyà sílẹ̀. Kò sẹ́lòmíràn tó mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́ jáde. Bí Ọ̀gá Àgbà ṣe ní àga tuntun nínú ọ́fíìsì rẹ̀ nìyẹn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí. Rédíò ni ọkùnrin yìí ń tún ṣe tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà. Wọ́n gbé ọ̀kan tó bàjẹ́ wá fún un, ó tú u palẹ̀, ó tò ó padà, ó ku irin kékeré kan lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà náà yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Láti ìgbà náà ló ti ní òun mọ ohun tí àwọn tó ṣe é kò mọ̀. Ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì gbà á, wọ́n fi í sínú yàrá kan tó tutù, ibẹ̀ ló sì ti kọ irinṣẹ́ tó sọ ọ́ lórúkọ.

Àwọn tó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ní àpótí irinṣẹ́ kan. Kì í ṣe àpótí onígi o, inú kọ̀ǹpútà ló wà. Bí ẹnì kan bá ti kọ ètò kékeré kan tó wúlò, á jù ú sínú àpótí náà, kí àwọn yòókù máa yá a lò dípò kí wọ́n tún un kọ. Ohun tí Bàbá Àjọní jù sínú rẹ̀ ni irinṣẹ́ tó ń jẹ́ Àjọní. Kó àkójọ méjì fún un, àkójọ ohunkóhun, á kọjá nínú wọn, á sì yọ ohun tó wà nínú méjèèjì fún ọ. Ó tán. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní wẹ̀yìn wò lẹ́ẹ̀mejì ni, ṣùgbọ́n bàbá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó dá òṣùpá.

Ẹni àkọ́kọ́ tó kò ó lójú ni ọmọbìnrin tí wọ́n gbà láti máa bójú tó àpótí náà. Kíákíá ni wọ́n ń pè é, torí pé kò tíì sẹ́ni tó rí i kó rìn pẹ̀lẹ́, bó bá sì ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń gbọ́ ni èémí ń tán lára rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó dé náà ló tú irinṣẹ́ bàbá wò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo rí ohun tó fa ọ̀rọ̀ táyà yẹn."

"Ọ̀gá ló fà á."

"Rárá o. Ẹ wò ó. Bí irinṣẹ́ yín bá mú nǹkan kan níbí, tó mú nǹkan kan lọ́hùn-ún, ó máa ń béèrè pé: ṣé ìyẹn gan-an nìyí? Ó yẹ kó máa béèrè pé: ṣé irú ìyẹn nìyí? Bí ẹ bá béèrè irú, táyà á jáde, bíréèkì á jáde, gíláàsì á jáde. Iṣẹ́ ti parí."

"Ọmọ mi, bí mo bá gbé bàtà rẹ wọ̀, tí mo ní mo ní irú rẹ̀ nílé, ṣé wàá jẹ́ kí n máa lọ?"

"Ọ̀tọ̀ nìyẹn, Bàbá."

"Kò sí ọ̀tọ̀ kankan ńbẹ̀. Wá, ká lọ bá àwọn ìbejì."

Ìbejì méjì ló ń ṣọ́ ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n jọra débi pé ajá àdúgbò gan-an kì í mọ èyí tó yẹ kó gbó. Bàbá Àjọní dúró níwájú wọn, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí adájọ́. "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ọ̀kan náà ni yín?" Èyí tó jókòó lápá ọ̀tún ti fò dìde. "Ọ̀kan kẹ̀? Bàbá, òun ló ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, èmi ni ọ̀gá ń bá wí!" Bàbá Àjọní yíjú sí Kíákíá. "O rí i? Ọ̀gá béèrè irú, kò béèrè ẹni náà gan-an. Aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀." Kíákíá ya ẹnu, ó pa á dé. Ẹlẹ́rìí wà pé ìgbà yẹn nìkan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu ọmọ náà.

Nílé onígbàjámọ̀ ńkọ́? Onígbàjámọ̀ gé irun fún bàbá tán, ó gbé dígí sẹ́yìn orí rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Bàbá, irun tí mo gé fún Ọ̀gá Àgbà láàárọ̀ náà ni mo gé fún yín yìí." Bàbá Àjọní fọwọ́ kan orí ara rẹ̀, ó wò ó nínú dígí. "Háà," ló ní, "kí ló wá kù sórí tirẹ̀?"

Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé bàbá àti Kíákíá ń bá ara wọn ṣọ̀tá o. Lọ́jọ́ kan, bàbá kó àkójọ gbogbo bọ́ọ̀sì àti àkójọ àwọn bọ́ọ̀sì tí wọ́n tún ṣe fún Àjọní, ó ní kó wá ohun tó wà nínú méjèèjì. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀, oòrùn là, oòrùn wọ̀, ó ṣì ń ṣe é. Ìdí ni pé ó ń mú nǹkan kọ̀ọ̀kan nínú àkójọ kìn-ín-ní lọ bá gbogbo èyí tó wà nínú ìkejì, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kí gbogbo èrò ọjà kó tó ra iyọ̀. Kíákíá fà á lọ́wọ́ lọ sí yàrá àwọn ìbejì ní géètì, níbi tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá kọ́ sára ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìṣó tirẹ̀.

"Bàbá, bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ kọ́kọ́rọ́ yàrá yín, ṣé àwọn ìbejì máa ń yẹ gbogbo kọ́kọ́rọ́ wò?"

"Ṣé wọ́n ya wèrè ni? Ìṣó rẹ̀ ni wọ́n á nawọ́ sí tààrà."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún nǹkan kọ̀ọ̀kan tó wà nínú àkójọ kan ní ìṣó tirẹ̀. Bí ti àkójọ kejì bá ń bọ̀, ìṣó kan péré ni ká wò. Bó bá wà níbẹ̀, ó wà. Bí kò bá sí, ó parí."

Bàbá Àjọní fọwọ́ kan ìṣó kan. Ó wo ògiri, ó wo àwọn ìṣó. Ní ọjọ́ kejì, iṣẹ́ tó ń gba òwúrọ̀ dé alẹ́ ń parí kí èèyàn tó fa àga jókòó. Ó bọ ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ gidigidi. "Ohun tó ti wà lọ́kàn mi látọjọ́ pípẹ́ gan-an lo sọ yẹn," ló ní. "Mo kàn ń dúró de ẹni tí yóò bá mi fi ẹnu sọ ọ́ ni."

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni ilé. Aránṣọ ni ìyàwó bàbá, obìnrin tó ní ọwọ́ líle lórí iṣẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fẹ́ra ni bàbá mú àlùmọ́gàjí tí ìyàwó rẹ̀ fi ń gé aṣọ, ó fi gé wáyà rédíò. Obìnrin yìí kò pariwo. Ó lọ ra àlùmọ́gàjí mìíràn, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó ní, "Tiyín rèé. Èyí tèmi." Láti orí àlùmọ́gàjí ló ti bọ́ sórí ife, láti orí ife ó bọ́ sórí rédíò, àga, tọ́ọ̀ṣì, agbòjò. Ohun gbogbo nínú ilé náà di méjì méjì, ọ̀kan tìyá, ọ̀kan ti bàbá, àlàáfíà sì wà. Àlejò tó bá wọlé á rò pé ṣọ́ọ̀bù ni.

Ó wá di ọjọ́ ìsinmi kan tí bàbá kò rí iṣẹ́ ṣe. Ó ka gbogbo ohun tó wà nínú ilé sínú kọ̀ǹpútà, àkójọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ti ìyàwó lọ́tọ̀, ó sì rán Àjọní sí wọn. Ó tẹ ìdáhùn jáde, ó gbé e wá fún ìyàwó rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni gba ẹ̀bùn.

"Wò ó, Ìyá ọmọ mi. Ó yára, kò tó ìṣẹ́jú."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Òfìfo ni. Ó péye."

Obìnrin náà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ẹ dúró ná, Bàbá ọmọ mi. Láti ìgbà tí a ti ń gbé pọ̀, ohun tí èmi àtẹ̀yin jọ ní, òfìfo ni?"

"Máṣíìnì ló wí bẹ́ẹ̀."

"Ilé yìí ńkọ́?"

"Ti onílé ni."

"Bẹ́ẹ̀dì?"

"Onílé ló fi kún ilé fún wa."

"Ọmọ wa ńkọ́? Ẹ̀ ń pè mí ní Ìyá ọmọ yín, mò ń pè yín ní Bàbá ọmọ mi."

"Ọmọ kì í ṣe dúkìá. Ọmọ ló ni ara rẹ̀. O fẹ́ kí n kà á mọ́ àga?"

Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó ti ìwé òfìfo yẹn sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó rán ojú ìlà kan gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó já òwú, ó sì dá a padà fún un. "Bí ẹ bá rí nǹkan kan," ló ní, "ẹyọ kan péré, ẹ wá sọ fún mi." Kò bú u, kò kọ oúnjẹ fún un. Ó kàn dákẹ́ ni. Bàbá Àjọní, ẹni tí Ọ̀gá Àgbà kò lè mú mì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbá ilẹ̀kùn.

Ó mú ìwé tí wọ́n rán yẹn lọ síbi iṣẹ́. Kíákíá kà á, bí èèyàn bá lè ka ojú ìlà òwú.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ẹ jẹ́ kí irinṣẹ́ béèrè irú. Irú àga Ìyá, irú ife wọn, irú rédíò wọn. Ìwé á kún fọ́fọ́. Ẹ gbé e lọ fún wọn lálẹ́ yìí, inú wọn á dùn."

Bàbá Àjọní mi orí. Ohùn rẹ̀ kò le mọ́. "Ìyàwó mi kò bi mí bóyá a ní irú nǹkan kan náà. Ó bi mí bóyá a jọ ní nǹkan. Bí mo bá yí irinṣẹ́ padà kó lè sọ ohun tó dùn, kí ni mo tún fẹ́ fi béèrè ọ̀rọ̀ mọ́?"

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?"

"Bí ìdáhùn kò bá dára, ọmọ mi, ìbéèrè kọ́ ni kí n yí padà. Ilé ni kí n lọ tún ṣe."

Òjò ló bá a ṣe é. Ìyẹn òjò ńlá tí gbogbo àdúgbò ṣì ń sọ, tí omi rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn bọ́ọ̀sì dá dúró kí ọkọ̀ ojú omi lè kọjá. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣí agbòjò rẹ̀ láti lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, nígbà tí bàbá yọ sí i láti ìta, ó tutù bí ẹja.

"Agbòjò yín ńkọ́?"

"Mo ti fi tọrẹ fún àwọn ìbejì tó wà ní géètì."

"Nínú òjò yìí? Orí yín pé?"

"Mo fẹ́ kí á jọ ní tìrẹ."

"Èyí kọ́! Tèmi, tèmi ni."

"Fún mi ní ọwọ́ rẹ̀ péré. Ibi tí èèyàn ń dì mú. Tọ́jú aṣọ rẹ̀."

"Ẹ máa gba ọwọ́? Kí ẹ lè máa gbé aṣọ mi káàkiri ibi tó bá wù yín?"

"Bí o bá ní aṣọ láìní ọwọ́, orí lo máa fi gbé e."

"Egungun rẹ̀ wá ńkọ́? Ta ló ni egungun?"

"Èmi ni mo fi wáyà di egungun rẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn ká a. Èmi ni mo ni egungun."

"Èmi ni mo lẹ aṣọ rẹ̀ nígbà tí wáyà yín ya á! Ẹ wo ojú abẹ́rẹ́ mi níbí. Ta ló tún ń rán irú èyí?"

"Gba egungun méjì."

"Mẹ́ta."

"Kí lo fẹ́ fi egungun ṣe, aránṣọ?"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ná an lẹ́nu ọ̀nà, agbòjò ṣí sílẹ̀ láàárín wọn, ẹni kọ̀ọ̀kan di etí kan mú. Ìyàwó ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹnu kò pé ọwọ́ di ti bàbá, aṣọ di ti ìyá, egungun di ti ẹni tó bá tún un ṣe kẹ́yìn, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì gbọdọ̀ dá gbé agbòjò náà jáde láìsí ẹnì kejì. Nígbà tí wọ́n fi máa parí ọ̀rọ̀, òjò ti dá.

Bàbá Àjọní ka agbòjò yẹn sínú kọ̀ǹpútà, ẹyọ kan ṣoṣo, ó fi í sí àkójọ tirẹ̀ àti ti ìyàwó. Ó rán Àjọní. Ọ̀rọ̀ kan péré ló jáde nínú ìwé náà, *agbòjò*, ó sì sáré gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó gba ìwé oyè. Ìyàwó rẹ̀ kà á, ó ká a, ó fi í sínú agolo bọ́tìnnì rẹ̀. "Ó kéré o," ló ní. Ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ padà.

Àdéhùn wọn yìí wá mú nǹkan mìíràn wá. Bí òjò bá ti ń rọ̀ láàárọ̀, bàbá á di ọwọ́ agbòjò mú, ìyá á wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀, wọ́n á jọ rìn dé ṣọ́ọ̀bù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ibi iṣẹ́ bàbá kọjú síbòmíràn pátápátá. Agbòjò á dúró sí ṣọ́ọ̀bù, torí pé bàbá kò gbọdọ̀ dá gbé e. Á wá fi ẹsẹ̀ gba inú òjò lọ síbi iṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, á tún rìn nínú òjò padà wá mú ìyàwó rẹ̀ lọ sílé. Nígbà tí kò ní agbòjò tó jọ ní pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, òjò kì í pa á. Nígbà tó ní in tán, kò gbẹ mọ́.

"Bàbá, agbòjò yín ńkọ́?" ni Kíákíá máa ń béèrè, bí omi bá ti ń kán lára bàbá sórí ilẹ̀.

"Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù," ni bàbá máa ń dáhùn, pẹ̀lú ẹ̀rín bí ti ẹni tó fi wúrà pamọ́ sílé ìfowópamọ́. "A jọ ní i ni."

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló kú, nírọ̀rùn, lórí àga tirẹ̀, tó fi ti ìyàwó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò ṣàìsàn tó pẹ́. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ sọ ìtàn táyà títí ojú wọn fi gbẹ, wọ́n sì tún un sọ.

Kò pẹ́ sí i ni Ọ̀gá Àgbà ní kí Kíákíá palẹ̀ àpótí irinṣẹ́ mọ́, kó kó gbogbo ohun tí kò wúlò dànù. Àjọní ló kọ́kọ́ dárúkọ. Ó ní òun kò lè gbàgbé ìtìjú tí irinṣẹ́ yẹn fi kan òun lójú àlejò. Ìgbà yẹn, Kíákíá ti kọ irinṣẹ́ tirẹ̀, Ìjọra, tó ń béèrè irú. Gbogbo èèyàn ló ń lò ó, ó dára, ó sì yá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò fẹ́ gbé Àjọní dànù. Ó rò ó, ó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá lọ, ó bá a lórí táyà.

"Ọ̀gá, àpótí á mọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń palẹ̀, ó yẹ ká dá táyà tí ẹ jókòó lé yìí padà. Sítọ̀ wo ló ti wá?"

"Òkè ni... Àbí ìsàlẹ̀ ni?" Ọ̀gá Àgbà dìde, ó wo táyà náà yíká. "Bi irinṣẹ́ tìẹ."

"Mo ti bi í, ọ̀gá. Ó ní irú rẹ̀ wà lókè, irú rẹ̀ wà nísàlẹ̀."

"Ta ló wá lè mọ èyí gan-an?"

Kíákíá wo táyà náà. Ó kàn dúró, ìyẹn ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà padà jókòó díẹ̀díẹ̀, ó sì fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ táyà náà bí ẹni ń pa orí ajá. "Fi ti bàbá yẹn sílẹ̀ síbẹ̀," ló ní. "Fi tìẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

Kíákíá kò lè dúró kí ọjọ́ lọ. Òjò àkọ́kọ́ ọdún náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì sáré nínú rẹ̀ lọ sílé bàbá láti sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó bá a nílé, ní ọ̀sán gangan, ó jókòó lórí àga tirẹ̀, àpò iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀, agbòjò sì kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Wọlé, ọmọ mi. Ṣé gbogbo ẹ̀yin yàrá kọ̀ǹpútà ni òjò fẹ́ràn báyìí?"

"Mà, ẹ kú ilé. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kọjá, ó wà ní títì. Àwọn oníbàárà yín dúró sábẹ́ òrùlé. Ara yín kò yá ni?"

"Ara mi le. Òjò ló ń rọ̀."

"Agbòjò yín nìyẹn, mà."

"Àdéhùn wa ni pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ dá gbé e jáde." Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé ilẹ̀kùn ni ilẹ̀kùn. "Aṣọ rẹ̀ nìkan ni mo ní."

Kíákíá jókòó. Ó fẹ́ jókòó lórí àga kejì, ó rántí, ó jókòó sílẹ̀. Ó sọ bí ọ̀rọ̀ ti rí fún un, pé Àjọní á wà nínú àpótí, pé kò sẹ́ni tí yóò yọ ọ́. Ó ní òun tilẹ̀ rán an sí àkójọ ilé yìí lẹ́ẹ̀kan sí i láàárọ̀.

"Kí ló wí?"

"Agbòjò, mà."

"Ó ṣì wà nínú àkójọ ti Bàbá ọmọ mi?"

"Kò sẹ́ni tó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, mà. Èmi kò lè yọ ọ́."

Ìyá náà ń gbọ́ òjò lórí páànù. Ó wo ọmọbìnrin náà, irun rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ orí, bàtà rẹ̀ tó ń tú omi sórí ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti bàbá ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu. Ó dìde, ó já agbòjò kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì na ọwọ́ agbòjò náà sí Kíákíá.

"Gbà. Di ọwọ́ rẹ̀ mú. Aṣọ rẹ̀ tèmi ni o, má gbàgbé."

"Egungun ńkọ́, mà?"

"Kọ́kọ́ rìn ná. A ó ná an lójú ọ̀nà."

Wọ́n bọ́ sínú òjò. Kíákíá yára gbé ẹsẹ̀ bíi ti ìṣe rẹ̀, aṣọ agbòjò bá a lọ, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí ìyá lórí. "Rọra!" ni ìyá pariwo. "Aṣọ mi ń sá lọ!" Fún ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo àdúgbò rí Kíákíá tó ń rìn pẹ̀lẹ́.

Wọ́n gba iwájú géètì ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì kọjá. Àwọn ìbejì wà níbẹ̀ lábẹ́ agbòjò tí bàbá fi ta wọ́n lọ́rẹ, wọ́n ń jà sí ẹni tó yẹ kó dì í mú. Ọ̀kan nínú wọn gbójú sókè, ó rí àwọn obìnrin méjèèjì, ó fi ìka hàn.

"Ẹ wò ó! Irú agbòjò Bàbá Àjọní nìyẹn!"

Ìyàwó bàbá kò dúró, kò sì wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ó gbé ohùn sókè kí òjò má baà bò ó mọ́lẹ̀.

"Irú rẹ̀ kọ́," ló ní. "Òun gan-an ni."